Òkúta Tí Ó Gba Orúkọ Ọmọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu kí ó wú u tán nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti fi igbó ṣe ilé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ti rí ẹfọ̀n tí ó ń sunkún. Mo ti bá iwin jẹ iṣu nínú àwo kan ṣoṣo, èmi ni mo sì jẹ ẹran inú rẹ̀ tán. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi, ti ọ̀gá mi ni, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ tí kì í dún. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ojú ni Ọdẹ́rìndé fi lókìkí láàárín àwa ọdẹ. Ó lè jókòó sórí igi kí ó sọ èyí tó lóyún nínú ọ̀yà méjì tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ó ní àga kan tí ó so mọ́ orí igi arère nínú igbó, ibẹ̀ ni ó ti ń dúró de ẹran. Bí ìdájí bá tó, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ìwà kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: yóò mú èédú, yóò sì fi kán àmì sínú igbá, ẹ̀kán kan fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá hàn láàárín ẹ̀ka méjì igi ìrókò tó kọjú sí i. Wọn a ní, "Ṣé ìràwọ̀ lo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Òun a ní ẹran tó ń gbé lókè náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, pé ojú wọn ni kò tó o.

Ọdún méjìlá ni òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ. Ní ọdún kẹtàlá, Àwẹ̀ró bí obìnrin. Inú Ọdẹ́rìndé dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Tọkọtaya náà ti fẹnu kò lórí orúkọ kan, Morẹ́nikẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ bí ó ti rí nílẹ̀ wa. Títí di ọjọ́ kẹjọ, àlejò ni ọmọ. A kì í pe orúkọ rẹ̀ síta, nítorí orúkọ tó bá jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, a kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ọdẹ́rìndé lọ sí igbó láti wá ẹran tí wọn yóò fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Ó pa ẹtu kan. Nígbà tí ìdájí tó, ó gbé igbá rẹ̀, ó kán àmì sí i bí ìṣe rẹ̀, ó sì fi wé ti àtẹ̀yìnwá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo ìràwọ̀ wà níbi tí ó fi wọ́n sí, àyàfi ọ̀kan. Ọ̀kan náà kéré, ó ṣókùnkùn, ojú mìíràn kò lè rí i. Ó ti kúrò níbi tí ó wà ní ìdájí mẹ́ta sẹ́yìn, ìdájí mẹ́ta ṣáájú ìyẹn ẹ̀wẹ̀, ibòmíràn ló wà. Ìràwọ̀ náà ń rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ fetí sí èyí. Bí ọdẹ bá kọ́kọ́ fojú kan ẹran, ó ní láti pe orúkọ lé e lórí kíákíá, kí ọdẹ mìíràn má baà bá a du ú. Orúkọ ara rẹ̀ ni yóò pè, tàbí orúkọ ilé rẹ̀. Àṣà wa ni, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé ẹnu máa ń ṣe é kí orí tó rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ náà, orúkọ kan péré ló kún ẹnu Ọdẹ́rìndé. Ó na ìka sókè, ó ní, "Morẹ́nikẹ́ ni o."

Ìràwọ̀ kékeré náà dúró. Ó dúró bí ẹni tí a pè lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹtu rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ sílé. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Àwọn ẹbí kún àgbàlá, Olúọ́dẹ Ògúnṣakin, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, ni ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Ó fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, ó fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, ó fi omi kàn án lórí. Ọdẹ́rìndé sọ orúkọ sí i létí. Olúọ́dẹ wo ojú ọmọ, ó sì pe orúkọ náà.

Ètè rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn nínú àgbàlá. Òkè òrùlé ni a ti gbọ́ ọ, ó ń dún, ó ń jìnnà. Ojú ọmọ tẹ̀ lé e lọ sókè. Olúọ́dẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni. Nígbà tí ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ara ọmọ tutù, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ láìké. Wọ́n pe orúkọ mìíràn, wọ́n pe òmíràn sí i. Kí ẹni tó pè é tó pa ẹnu dé, gbogbo ènìyàn inú àgbàlá ti gbàgbé ohun tí ó pè. Láti ọjọ́ náà ọmọ kò mu ọyàn mọ́. Wọ́n ń kán wàrà sí i lẹ́nu ni, díẹ̀díẹ̀, kò sì ké.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ọdún méjìlá ni mo fi wá a."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olúọ́dẹ lé gbogbo èrò lọ, ó sì pe Ọdẹ́rìndé wọ inú yàrá.

"Ta ló ti pe orúkọ yìí síta?"

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹ̀kán kan pamọ́.

"O rí ẹran, o pe orúkọ lé e lórí," ni Olúọ́dẹ wí. "Ṣé o ti tọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ihò?"

"Rárá, bàbá."

"O kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. O kò mọ ibi tó ń lọ. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ, ilé ta lo wò?"

Ọdẹ́rìndé fa igbá rẹ̀ jáde, ó nà án sí Olúọ́dẹ. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á ju ojú tó ń tì í lọ.

Olúọ́dẹ gba igbá náà, ó fi ìka tọ ẹ̀kán mẹ́ta tí ìràwọ̀ náà ti dúró sí. "Ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta ni yìí. Ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ọdẹ tó bá gbọ́n. Wò ó, kò lọ tààrà, ó tẹ̀. Ẹran tó ń yí nǹkan ká ni. Má sáré tẹ̀ lé e. Lọ dúró dè é níwájú, kí o gba orúkọ ọmọ rẹ. Ọmọ tí kò lórúkọ, kò sí ohun tí a ó fi pè é padà bí ó bá fẹ́ lọ. Kò ní rí oṣù tó ń bọ̀."

Ìgbà tí ó ń jáde, Àwẹ̀ró kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ní, "Bí ẹ kò bá rí i gbà, ẹ má padà wá sọ ọ́ fún mi."

N kò ní fi òkè àti odò dá yín lágara. Inú ihò igi ìrókò tó kọjú sí àga rẹ̀ yẹn ló gbà wọlé, ibi tí ó sì jáde sí kò ní ilẹ̀, àárín àwọn ìràwọ̀ ni. Níwájú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ààrò ńlá kan ń jó, iná rẹ̀ kò ní igi, kò sì ní èéfín. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó pàdé ni Apọ́nbíẹ̀jẹ̀, onílẹ̀kùn ibẹ̀, ọkùnrin tí ìpẹtà bo láti orí dé ẹsẹ̀. Ajá méjì ló ní. Wọ́n rí gbágungbàgun bí ọ̀dùnkún, wọ́n ń sáré yí i ká, wọn kò sinmi. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìbẹ̀rù, èkejì ń jẹ́ Ìjayà.

Bí ó bá ṣe èmi ni, ǹ bá ti pe ọ̀rọ̀ kan tí ajá méjèèjì yóò fi sùn. Ó dáa, n kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ má wò mí báyẹn. Ọdẹ́rìndé dúró gbagidi. Ìbẹ̀rù wá, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì lá a. Òtútù tó wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò jáde mọ́.

"Ẹni tó bá kọjá níbí gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn," ni Apọ́nbíẹ̀jẹ̀ wí. "Ta ló ti ń rìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ tí kò tíì kúrò nídìí ààrò?"

Ọdẹ́rìndé ronú kan ẹran, ó ronú kan èèrà, kò bá a mu. Ìgbà náà ni ó bojú wo igbá ọwọ́ rẹ̀, ó rí bí ẹ̀kán mẹ́ta náà ti tẹ̀. "Ẹni tó ń yí ààrò ká ni," ni ó dáhùn.

"O mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ o fún un lórúkọ." Apọ́nbíẹ̀jẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Máa kọjá. Àwọn ajá mi kì í jẹ ohun tí ẹlòmíràn máa jẹ."

Lẹ́yìn onílẹ̀kùn yìí ni ìlú Òkútarìn wà. Ìlú náà kò ní ilé. Ọ̀nà ni, ọ̀nà kan tó fẹ̀, tó yí ààrò ńlá náà ká. Orí rẹ̀ ni àwọn òkúta, tí wọ́n dà bí ìràwọ̀ lójú àwa ará ilẹ̀, ti ń rìn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, òmíràn ga bí òkè, òmíràn kò ju odó lọ. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Àwọn tó sún mọ́ iná ń yára, àwọn tó jìnnà sí i ń fà. Kò sí èyí tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdẹ́rìndé ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ igbó rí, ṣùgbọ́n ti ibí yìí ń dùn ún létí.

Òkúta kan tó tóbi ju gbogbo wọn lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é, òun ni ojú ènìyàn kọ́kọ́ rí nínú wọn.

"Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wa jọ láti fi kọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni Ńlá tó jókòó lódì kejì ọ̀nà kò jẹ́ kí amọ̀ wa gbẹ. Bí a bá ti fara ti ara wa, á fà wá ya. Nítorí náà ni a ṣe ń rìn. Kí lo wá ṣe?"

"Ìyá, ọmọ mi ń kú lọ. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín."

"Ìwọ nìyẹn." Òkúta ńlá náà ń rìn lọ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Níbí, iye, ẹni kẹwàá tàbí ẹni kọkànlá, la fi ń pe ẹni tuntun. Ẹni tí a bá ti mọ ọ̀nà rẹ̀ yípo ni a ń fún lórúkọ. Tìrẹ gba orúkọ kí ó tó ní iye, kò sì fẹ́ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Tẹ̀ síwájú, ìwọ yóò gbọ́ ọ kí o tó rí i."

Lóòótọ́, ó gbọ́ ọ. Igbe ọmọ ọwọ́ ni. Igbe tí ọmọ rẹ̀ kò ké láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, inú òkúta kan ló ti ń jáde, òkúta dúdú bí èédú, tí kò ju ahéré lọ, tí ojú rẹ̀ kún fún ihò. Ọdẹ́rìndé jókòó sórí ọ̀nà, ó sunkún, kí ó tó lè dìde bá òkúta náà rìn.

"Mo wá gba orúkọ ọmọ mi."

"Èmi ni Morẹ́nikẹ́," ni òkúta dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Jọ̀wọ́. Mo ṣèèṣì ni."

"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo ti ń rìn, kò sí ẹni tó pè mí rí. Ìwọ pè mí. Mo dúró, mo gbọ́. Ṣé kí n padà di ẹni tí a kò pè?"

Ọdẹ́rìndé fi ìbọn lọ̀ ọ́, ó fi awọ ẹkùn lọ̀ ọ́, ó ṣèlérí pé òun yóò máa rúbọ sí i lọ́dọọdún. Òkúta ń rìn lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Fún mi ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí ẹnìkan ti ń jẹ́. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn sí rí, òfìfo ni."

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni mo ti mọ ẹni tí ọ̀gá mi í ṣe. Orúkọ ènìyàn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ronú kan ọdẹ kan tó jí ìkẹ́kùn rẹ̀ ní ọdún kan. Ó ronú kan Olúọ́dẹ, tó ti darúgbó. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé orúkọ Àwẹ̀ró pàápàá dé orí ahọ́n òun, òun sì fi eyín dá a dúró. Ẹyin lohùn, ọ̀kan tí òun ti jẹ́ kó bọ́ ṣáà ti tó.

"Ọdẹ́rìndé," ni ó wí. "Gbà á."

Orúkọ náà jáde lára rẹ̀ bí eyín tí a fà. Igbe inú òkúta dákẹ́. Ní àkókò kan náà nílé, ọmọ bú sẹ́kún. Olúọ́dẹ sáré wọlé, ó pe Morẹ́nikẹ́, ọmọ yí ojú sí i, ó sì wá ọyàn. Ẹnu ìtàn ni mo fi ń pe ọkùnrin náà ní Ọdẹ́rìndé láti ìsinsìnyí lọ. Bí mo bá jókòó tì í, tí mo ń wo ojú rẹ̀, n kò lè pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà a sá kúrò lẹ́nu mi.

Ó fẹ́ padà sílé lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fún òkúta lórúkọ gbọ́dọ̀ bá a yí ààrò ká lẹ́ẹ̀kan, kí orúkọ lè mọ ọ̀nà. Yíyípo kan náà jẹ́ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́rin. Ọdẹ́rìndé rìn ín. Ọ̀nà náà kò rí roboto dáadáa. Ó sún mọ́ iná níbì kan, òkúta a sáré. Ó jìnnà sí i níbòmíràn, òkúta a máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, òtútù a sì mú ọkùnrin náà títí yóò fi gbàgbé pé òun ní ìka.

Ibi tó jìnnà jù lọ ni àlàfo wà. Ojú ọ̀nà ni, ó mọ́ kedere, kò sí òkúta kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Lódì kejì àlàfo ni Ẹni Ńlá jókòó sí, ọ̀já wé e ní ìpele ìpele, ojú pupa kan sì ń yí níkùn rẹ̀. Kò dìde. Ó kàn ń pe àwọn tó ń kọjá lórúkọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọdẹ́rìndé."

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, kò sì ṣe é bí ẹni pé òun ni. Òkúta ni ó dáhùn. "Hẹn-ẹn?" ni ó wí, ó sì yẹ̀ kúrò lọ́nà, ó tó ìbú ọwọ́ kan, sí ọ̀nà àlàfo. Ọkùnrin náà fi èjìká tì í, apá rẹ̀ kò ká a.

"Ìyá," ni ó bèèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, "kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá dáhùn?"

"Yóò máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní yíyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bọ́ sí àlàfo tán, Ẹni Ńlá yóò gbé e jù. Ó ń ju àwọn kan sínú iná. Ó ń ju àwọn kan sí ibi tí ẹ̀yin ènìyàn ń gbé."

"Bí ó bá jù ú sọ́dọ̀ wa, ibo ni yóò balẹ̀ sí?"

"Òkúta mọ ilé orúkọ tó ń jẹ́."

Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́rin pé. Ó dé ìlú ní ọ̀sán gangan, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Àwọn ènìyàn dá a mọ̀, wọ́n sáré pàdé rẹ̀. Olúọ́dẹ na ọwọ́ sí i, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi, káàbọ̀," ó fẹ́ fi orúkọ tì í, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ẹlòmíràn gbìyànjú, ó kùnà. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n, wọ́n ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Láàárín àwa ọdẹ, orúkọ ni a fi ń pín ẹran. Ẹni tí a kò lè pè kò ní ìpín. Ó dúró láàárín ìlú rẹ̀, ó rí i lójú wọn pé òun ti di ohun tí à ń pàdé nínú igbó.

Àwẹ̀ró jáde wá, ó di ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́ mú. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilẹ̀ wa kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ ọmọ ni a fi ń pè é, obìnrin tí kò sì bímọ, "ẹ gbọ́" ni yóò máa pe ọkọ rẹ̀ kiri. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni obìnrin yìí ti ń dúró de ọ̀rọ̀ kan. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́," ni ó wí, "ẹ káàbọ̀."

Ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ gbóná, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹ̀rù fi kúrò lójú wọn. Ó gbé ọmọ náà sókè, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí n kò mọ iye rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà láàyè láàárín wa, orúkọ ọmọ ni ó fi di ẹni, kò sì ní òmíràn.

Èmi fúnra mi wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí òkúta náà tún yí ààrò ká tán lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu ìkọ́ṣẹ́ ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ti tó ọdún mẹ́tàlá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ọ lókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọdẹ́rìndé." Nǹkan kan sì dáhùn, "Hẹn-ẹn?" Ọ̀gá mi fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ rẹ̀. Mo bi í bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Rárá," ni ó wí. "Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń dáhùn."

Mo ti sọ ibi tí mo gbọ́ ọ dé. Ẹ dìde, kí oníkálukú máa lọ sílé, kí ó pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, kí ó sì fetí sílẹ̀ dáadáa sí ibi tí èsì yóò ti wá.